Ìgò, Ẹ̀jẹ̀ àti 20 Ìṣẹ́jú: Ibi Tí Ìdánwò Oró Ejò Ti Ṣẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí a fi Abuja ṣe ilé ni kò mọ̀ pé Àríwá yìí gan-an ni wọ́n ti bí ìdánwò tí àwọn dókítà káàkiri ayé fi ń mọ̀ bóyá oró paramọ́lẹ̀ ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Wọn yóò fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ tó sì gbẹ, wọn yóò gbé e kalẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà wọn yóò dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ṣì ń ṣàn bí omi, oró ti ṣiṣẹ́.

Ní tèmi, gbẹ́rẹ́ ni ìyá ìdánwò yìí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, oró: orúkọ ohun tó wà léyín ejò ni, orúkọ ìrora tí a ń dá ẹlòmíràn náà sì ni, ohun tó sì pa á ni aporó. Lójú mi, àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ti jókòó ti aláìsàn títí ilẹ̀ fi mọ́. Láti Kabba títí dé àfonífojì Benue, níbi tí paramọ́lẹ̀ kékeré tí ń fi ìpẹ́ ha ìpẹ́ ti ń ṣán àgbẹ̀ nígbà òjò àkọ́rọ̀, oníṣègùn tó sín gbẹ́rẹ́ sí ẹsẹ̀ ẹni méjì yóò rí i pé ti ọ̀kan gbẹ kíákíá, ti èkejì sì ń ṣẹ̀jẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo gbà pé ẹni tó rí èyí léraléra kò lè ṣàì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbẹ́rẹ́ kan náà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tán, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni sín in mọ́.

Àwọn kan ń sọ pé ìdánwò Lee àti White, dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, ti ọdún 1913 ló ṣáájú. Ìyẹn ń ka iye ìṣẹ́jú tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì, wọ́n sì ń gbé ìgò rẹ̀ wò lóòrèkóòrè. Kì í ṣe ohun tí a ń sọ.

Ní Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, láàárín ọdún 1970 sí 1980, ni David Warrell, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ìdánwò 20 ìṣẹ́jú yìí di ìlànà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1977. Oró paramọ́lẹ̀ yìí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dì wẹ́wẹ́ nínú iṣan títí fibrinogen tó fi ń dì yóò fi tán, ó sì ń ba ara iṣan náà jẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa jò láti èrìgì àti ojú ọgbẹ́. Ìgò gidi ni wọ́n ń lò, nítorí ike kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì bó ti yẹ, èyí tí wọ́n sì fi ọṣẹ fọ̀ lè tan dókítà jẹ.

Nígbà tí wọ́n dán aporó tuntun méjì wò ní Kaltungo, ìpínlẹ̀ Gombe, tí èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2010, ìgò yìí náà ni wọ́n tún gbé kalẹ̀ ní wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn abẹ́rẹ́, láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ti ń dì.