Fílítà afẹ́fẹ́ tó ti kún fún eruku: níbo ni ká kó o sí?

Lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àìkú kan tí ọyẹ́ mú gan-an, àwọn ìyá kan ní Adéwọlé, nílùú Ìlọrin, ní kí n dúró bá àwọn sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa eruku, nítorí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ wolé-wolé ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ ikọ́ àti ojú yíyún ni wọn yóò bi mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Alhaja kan dá sílẹ̀ ló gba gbogbo ìjókòó náà. Ọmọọmọ rẹ̀ ní ásímà, àwọn òbí ọmọ náà sì ra ẹ̀rọ tí ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́ sí yàrá rẹ̀. Fílítà inú ẹ̀rọ náà ti kún, wọ́n ti ra tuntun, ṣùgbọ́n èyí tó kún ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, torí pé ẹnì kan ní kí wọ́n gbọ̀n ọ́n kí wọ́n tún un lò, ẹnì kan ní kí wọ́n jó o, ẹnì kẹta ní kí wọ́n jù ú sí gọ́tà. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí àti ìdáhùn tí mo fún wọn nìyí, pẹ̀lú ohun tí àkókò kò jẹ́ kí n sọ lọ́jọ́ náà.

Bàbá, ṣé eruku lásán kọ́ ló wà nínú rẹ̀ ni? Kí ló dé tí a ó fi máa ṣọ́ra fún un bí ẹni pé májèlé ni?

Eruku ni lóòótọ́, Alhaja, ṣùgbọ́n eruku ju eruku lọ. Èyí tí ọyẹ́ ń gbé wá bá wa láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, ọ̀nà jíjìn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Apá kan rẹ̀ ń wá láti Bodélé ní àríwá orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, tí atẹ́gùn sì ń hó ilẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún náà títí di òní. Ìlú wa wà lójú ọ̀nà eruku yìí gan-an, débi pé láti ọdún 1998 ni ẹ̀rọ kan ti wà ní Yunifásítì Ìlọrin tí ń wo oòrùn láti fi mọ bí eruku ojú sánmọ̀ ṣe pọ̀ tó. Ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ AERONET tí àjọ NASA ti Amẹ́ríkà ń kó èsì wọn jọ káàkiri ayé ni.

Eruku ọyẹ́ yìí kò dá wọlé. Èéfín jẹnẹrétọ̀ wà nínú rẹ̀, èéfín ọ̀kadà àti ti ilẹ̀ tí àwọn aládùúgbò ń jó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èépá ara àwa fúnra wa, ìdọ̀tí aáyán àti ti àwọn kòkòrò tíntín tí ń gbé inú tìmùtìmù. Èyí tó burú jù nínú wọn ni èyí tí ojú kò lè rí, tí kò ju máíkírómítà 2.5 lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìyẹn ṣe kéré tó, fọ́nrán irun orí kan ṣoṣo fẹ̀ tó nǹkan bí máíkírómítà 70. Irun imú kò lè dá irú eruku bẹ́ẹ̀ dúró, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ tààrà. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ ní ọdún 2021 pé kí ìwọ̀n rẹ̀ tí ènìyàn ń mí símú láàárín ọdún má ṣe ju máíkírógíráàmù 5 (ìyẹn ìdá márùn-ún nínú mílíọ̀nù gíráàmù kan) nínú afẹ́fẹ́ tó kún àpótí tó fẹ̀, tó gùn, tó sì ga ní mítà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá rò ó wò. Ohun tí ì bá fọ́n ká inú yàrá ọmọ yẹn fún oṣù mẹ́fà, fílítà ti kó o jọ sójú kan ṣoṣo tí kò fẹ̀ ju àwo tíì lọ. Nígbà tó wà nínú ẹ̀rọ, ó wà ní àhámọ́. Láti ìgbà tí a bá ti yọ ọ́ ni a ti di ẹ̀wọ̀n rẹ̀ mú lọ́wọ́, àwa la ó sì pinnu bóyá yóò padà sójú ọ̀run tàbí kò ní padà.

Mo rí ọmọkùnrin kan ní Tanke lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn tó ń fi fílítà gbá ara ògiri, pá, pá, pá, bí ẹni ń lu ẹní. Eruku náà ru sókè, ó sì dúró sójú oòrùn fún ìgbà díẹ̀, ó pọ́n bí èlùbọ́, kí atẹ́gùn tó gbé e lọ bá aṣọ funfun tí ìyá kan sá sórí okùn. Ọmọ náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó sì wo ohun tó nù: dúdú ni, kì í ṣe pupa. Ohun tó ti wọ inú rẹ̀ kò ṣeé nù.

Ṣé gbogbo fílítà ló yẹ ká kó dànù nígbà náà?

Rárá o, ibí yìí gan-an la sì ti ń pàdánù jù. Èyí tó pọ̀ jù nínú fílítà ilé wa ni kò yẹ kó dé àkìtàn rárá. Ẹ ṣí iwájú éésì ara ògiri yín wò: ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́ àwọ̀n oníke tín-ín-rín bí asẹ́ ògì. Fífọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ pa iná éésì náà pátápátá, ẹ yọ àwọ̀n náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ gbé e lọ sẹ́yìn ilé kí ẹ tó kan omi mọ́ ọn, kí ẹ sì da omi láti ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, kí eruku lè jáde ní ọ̀nà tó gbà wọlé. Omi lọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ tó. Omi gbígbóná yóò ká a kò. Ibòji ni kí ẹ gbẹ ẹ sí, kó sì gbẹ dáadáa kí ẹ tó dá a padà, torí pé èyí tó bá tutù wọlé yóò bu, òórùn rẹ̀ ni ẹ ó sì máa gbọ́ nígbàkigbà tí ẹ bá tan éésì. Ní àsìkò ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì méjì kò pọ̀ jù láti ṣe é.

Fóòmù tó wà lẹ́nu jẹnẹrétọ̀ náà ṣeé fọ̀. Omi lọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ la fi ń fọ̀ ọ́. Ẹ fún un, ẹ má lọ́ ọ, kó má baà ya. Tó bá gbẹ, ẹ kán epo ẹ́ńjìnnì mímọ́ díẹ̀ sí i, kí ẹ sì fún èyí tó bá pọ̀ jù kúrò. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì a máa rì í sínú pẹtiróòlù. Mo bẹ yín, ẹ má ṣe é, torí pé ooru pẹtiróòlù lè gbiná láti orí ìṣáná tàbí iná ìdáná tó jìnnà sí i díẹ̀. Omi dúdú tó bá sì ti ara fóòmù náà jáde, ẹ má ṣe dà á sítòsí kànga.

Èyí tí kò ṣeé fọ̀ ni irú ti ẹ̀rọ Alhaja, èyí tí wọ́n kọ HEPA sí lára. Ó funfun, a sì ká a ní ìpele ìpele bí gèlè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Àwọn fọ́nrán rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé, nínú 10,000 ẹyọ eruku tó fẹ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá máíkírómítà, 3 péré ló gbọ́dọ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó yẹ ní pípè bẹ́ẹ̀. Omi àti gbígbọ̀n ló ń ba àwọn fọ́nrán yìí jẹ́. A lè fọ̀ ọ́ kó funfun padà bí òwú, síbẹ̀ kó ti lu lára níbi tí ojú kò lè rí. Ẹ̀rọ náà yóò máa kùn, ọmọ náà yóò sì máa mí eruku. Àfi bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá kọ ọ́ sí ìwé rẹ̀ pé ó ṣeé fọ̀, ẹ má ṣe fọ̀ ọ́.

Bí a ó bá kó o dànù, báwo la ṣe máa ṣe é gan-an?

Ẹ kọ́kọ́ mú ọmọ tó ní ásímà kúrò nínú ilé, kì í ṣe kúrò nínú yàrá nìkan. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ okùn iná rẹ̀. Ẹ fi ìbomú bo imú àti ẹnu. Bí ìbọ̀wọ́ bá wà, ẹ wọ̀ ọ́. Kí ẹ tó fọwọ́ kan fílítà, ẹ ti ya ẹnu ọ̀rá ńlá tí kò lu sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, torí pé ìrìn láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé ni eruku fi ń já sílẹ̀ jù. Ẹ rọra fà á jáde, kí ẹ dojú ibi tó dọ̀tí kọ inú ọ̀rá, kí ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́ lódindi. Ẹ má ṣe ṣẹ́ ẹ, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè kéré. Atẹ́gùn tí ẹ bá tẹ̀ jáde lára rẹ̀, eruku ló ń tì síwájú. Ẹ so ẹnu ọ̀rá náà pinpin, kí ẹ tún fi ọ̀rá kejì bò ó.

Lẹ́yìn náà, àkísà tútù ni kí ẹ fi nu inú ẹ̀rọ àti ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe mú ìgbálẹ̀. Ẹ kó àkísà náà sínú ọ̀rá kejì kí ẹ tó so ó, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá.

Ọjọ́ tí àwọn tó ń kó ilẹ̀ bá ń bọ̀ ni kí ẹ gbé e jáde, kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ìdí ni pé àwọn ọmọ tó ń ṣa irin àti ike lórí àkìtàn yóò tú ohunkóhun tó bá ti pẹ́ nílẹ̀, ọmọ ẹni kan ni àwọn náà. Ìyẹn náà ló fi yẹ kí ẹ so ó le.

Ọmọ mi ní jíjó ló rọrùn jù, pé iná kì í fi nǹkan sílẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Iná ń fi nǹkan sílẹ̀ o, ìyá, ó kàn ń gbé e sókè ni. Ike ni wọ́n fi ṣe fọ́nrán púpọ̀ nínú àwọn fílítà wọ̀nyí, àwọn mìíràn sì jẹ́ fọ́nrán gíláàsì, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tó lẹ̀ wọ́n pọ̀ àti férémù tó lè jẹ́ páálí tàbí ike. Ike àti gọ́ọ̀mù yóò yọ́, wọn yóò sì tú èéfín dúdú tó ń ta ọ̀fun. Gíláàsì kò ní jó rárá; iná ẹ̀yìnkùlé yóò kàn sọ ọ́ di ohun tó ń fọ́ wẹ́wẹ́, tó ń yún ara, tó sì ń ha ọ̀fun. Eruku tí fílítà ti mú, ooru iná yóò gbé e lọ sókè pẹ̀lú èéfín kó tó bọ́ sílẹ̀ sórí àwọn aládùúgbò. Èéfín iná náà sì tún jẹ́ eruku tíntín tí kò ju máíkírómítà 2.5 yẹn lọ. Ẹ ti sanwó ẹ̀rọ, ẹ ti sanwó iná, ẹ ti sanwó fílítà, nígbà náà ni ẹ ó wá fi ìṣáná kan ṣoṣo dá gbogbo rẹ̀ padà sójú fèrèsé ọmọ kan náà. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n dámọ̀ràn fún Alhaja, èyí ló dùn mí jù, torí pé ọ̀pọ̀ ilé ló ń ṣe é lálaalẹ́.

Gọ́tà ńkọ́? Tàbí ká gbẹ́lẹ̀ sin ín?

Ohun tó bá wọ gọ́tà ní Ìlọrin, odò Asa ló sábà ń bá a lọ, odò tó la ìlú náà já láti gúúsù sí àríwá, tí àwọn ènìyàn sì ń gbin ewébẹ̀ sí etí rẹ̀. Fílítà pẹlẹbẹ kan sì tó láti dí ẹnu gọ́tà kékeré pa ní òjò àkọ́rọ̀. Sínsin kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ: ike àti gíláàsì kì í jẹrà, àgbàlá tí a sì ń pọn omi kànga nínú rẹ̀ kì í ṣe ibi tí a ń sin irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí.

Ṣé kò sí ẹni tó lè rà á, bí wọ́n ṣe ń ra ike omi?

Férémù rẹ̀ tó bá jẹ́ irin nìkan ni oníirin àlòkù yóò gbà, bó bá sì ṣeé yọ láìfa fílítà ya ni o. Ohun orísìírísìí tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, tí ìdọ̀tí sì ti kún, kò sí ẹni tí yóò tú u.

Eku ti ṣe ìtẹ́ sínú éésì wa, ìgbẹ́ rẹ̀ sì wà lára fílítà. Ṣé ká kàn gbá a kúrò ni?

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Ibà Lassa, tí a sọ lórúkọ ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní ọdún 1969, inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan ló ń gbà wá bá ènìyàn, ẹni tó bá gbá a ní gbígbẹ sì lè fà á símú pẹ̀lú eruku. A kì í fojú mọ irú eku tó wọlé, nítorí náà ká ṣe gbogbo wọn bákan náà. Ẹ pa iná éésì láti ibi tó ti ń wá. Ẹ po ife bílíìṣì kan mọ́ ife omi mẹ́sàn-án, láìfi ọṣẹ ilé ìgbẹ̀ tàbí ásíìdì kankan kún un, torí afẹ́fẹ́ olóró ni wọn yóò tú jáde. Ẹ yọ fílítà náà jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ìbomú àti ìbọ̀wọ́, ẹ gbé e sórí ọ̀rá níta, ẹ fi omi bílíìṣì náà rin ín gbingbin, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán. Kódà bó jẹ́ àwọ̀n tó ṣeé fọ̀, èyí ni mo máa ń ní kí wọ́n dì lọ́rá méjì kí wọ́n sì ra òmíràn. Ìtẹ́ tó wà nínú éésì fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tún éésì ṣe tú u, kí ẹ sì sọ fún un pé eku ló wà níbẹ̀ kó tó fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Kí ni ká ṣe tí fílítà kò fi ní tètè kún?

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ń fọ afẹ́fẹ́ ló ní àwọ̀n kan níwájú tí ń mú irun àti eruku ńlá kó tó dé ara HEPA. Ẹ máa nu àwọ̀n yẹn pẹ̀lú àkísà tútù, kí ẹ sì ti fèrèsé yàrá náà ní òwúrọ̀ tí ọyẹ́ bá bolẹ̀. Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ, ẹ bèèrè iye tí fílítà rẹ̀ ń jẹ́ àti bóyá ó wà lọ́jà ní Ìlọrin, torí pé ẹ̀rọ tí fílítà rẹ̀ kò sí lọ́jà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò di pàǹtí.

Ní ti fílítà orí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, mo tẹ̀lé Alhaja délé lọ́jọ́ náà. A ní kí ọmọ náà lọ bá àwọn ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé kejì, a sì rọra sọ ọ̀rá kalẹ̀ láti òkè bò ó níbi tó wà. Nígbà tí a gbé e kúrò, ojú ibi tó ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ṣì mọ́, ṣùgbọ́n eruku pupa ti yí etí rẹ̀ ká bí ẹni fi èlùbọ́ fa ìlà. Àkísà tútù ni Alhaja fi nù ún.