Ìrìnàjò wíwo ẹranko igbó ní Okavango

Okavango ni àbàtà ńlá kan ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Bòtswánà, ní gúúsù Áfíríkà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò ń lọ fún sàfárì, ìyẹn ìrìnàjò ìgbafẹ́ tí èèyàn fi ń wo erin, kìnnìún, ẹfọ̀n, erinmi àti àwọn ẹranko mìíràn nínú igbó tí wọ́n ń gbé. Ìlú Maun ni wọ́n ń gbà wọ ibẹ̀. Lọ́dún 2014, àjọ UNESCO kọ àbàtà náà sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé, òun ló sì mú kí ibi tó wà nínú ìwé náà pé 1,000.

Omi ló ń pàṣẹ níbẹ̀. Àwọn òkè Àǹgólà ni odò Okavango ti ń ṣàn wá, ó ń gba Nàmíbíà kọjá kí ó tó wọ Bòtswánà. Kì í dé òkun: inú iyanrìn aṣálẹ̀ Kàlàhárì ló ń tẹ́ rẹrẹ sí, oòrùn àti ewéko sì ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ gbẹ. Òjò ń rọ̀ ní Àǹgólà láti nǹkan bí oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tẹ́jú, koríko sì dí ojú ọ̀nà, ni omi bá ń rìn bí ìgbín. Ó máa ń tó oṣù kẹfà sí ìkẹjọ kí ó tó kún dé Maun, nígbà tí òjò ti dá ní Bòtswánà, tí kòtò omi inú igbó sì ti gbẹ táútáú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni odò ń kún! Ẹranko tí òùngbẹ ń gbẹ á wá láti ọ̀nà jíjìn, ìdí nìyí tí àlejò fi ń pọ̀ jù níbẹ̀ láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹwàá. Gbogbo ọdún kọ́ ló rí bákan náà. Omi tó dé lọ́dún 2019 kéré gan-an.

Mokoro ni wọ́n ń pe ọkọ̀ ojú omi ibẹ̀. Àwọn Bayei, tí iṣẹ́ ẹja pípa jẹ́ iṣẹ́ ìran wọn, ni wọ́n mú un dé àbàtà náà. Odidi ìtì igi ni wọ́n ń gbẹ́ ṣe é tẹ́lẹ̀. Fáíbà ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ rẹ̀ báyìí, kí igi ńlá má baà tán. Àlejò méjì á na ẹsẹ̀ jókòó sínú rẹ̀, ẹni tó ń wà á á dúró ní ìdí ọkọ̀, á máa fi ọ̀pá gígùn tí wọ́n ń pè ní ngashi ti ìsàlẹ̀ omi. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí ariwo. Ìjókòó rẹ̀ rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òdòdó òṣíbàtà fi ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èèyàn lójú, tí èèyàn sì ń rí àkèré tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ tó lẹ̀ mọ́ ara koríko odò. Bí awakọ̀ bá ṣàdédé dákẹ́, tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko, àfàìmọ̀ ni kò fi ti rí etí erinmi lójú omi. Erinmi kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà láàárín òun àti ibú, nítorí náà ibi tí omi ò jìn ni mokoro ń gbà.

Ọ̀pọ̀ erékùṣù kéékèèké tó wà níbẹ̀, òkìtì ọ̀gán ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ikán á mọ ilé ga ju omi lọ, ẹyẹ á bà sórí rẹ̀, á ṣu kóró èso sílẹ̀, igi á hù. Gbòǹgbò igi ń fa omi mu, iyọ̀ inú omi ń ṣẹ́ kù sábẹ́ àárín erékùṣù. Èyí ni kò jẹ́ kí omi tó kù ní iyọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé odò náà kò ríbi ṣàn lọ.

Igbó ọba Moremi wà ní apá ìlà-oòrùn àbàtà náà. Àwọn Batawana, ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ náà, fúnra wọn ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ lọ́dún 1963, nítorí pé ọdẹ ti ń mú ẹranko tán. Olorì Pulane, opó Ọba Moremi Kẹta, ni adelé ọba wọn nígbà náà. Ẹni tó bá rántí Mọremí Ilé-Ifẹ̀ kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n orúkọ méjèèjì kò tan mọ́ ara wọn.

Bòtswánà ní erin tó tó nǹkan bí 130,000, kò sì sí orílẹ̀-èdè tó ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba fòfin de pípa ẹranko fún eré ìdárayá lọ́dún 2014, ó sì ká òfin náà kúrò lọ́dún 2019. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán. Àlejò díẹ̀ tó ń san owó gọbọi ni ètò ìjọba fẹ́, owó náà sì ń ṣọ́ igbó. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí erin jẹ oko rẹ̀ tán lóru ọjọ́ kan ní ẹjọ́ tó yẹ kí wọ́n gbọ́.

Ọkọ̀ òfurufú kékeré ló ń gbé àlejò láti Maun lọ sí àwọn ibùdó inú igbó. Púpọ̀ nínú àwọn ibùdó náà kò ní ọgbà tó yí wọn ká, ẹranko sì lè wọ ibẹ̀, nítorí náà òṣìṣẹ́ ló ń sin àlejò dé ẹnu àgọ́ rẹ̀ lálẹ́. Òwúrọ̀ oṣù kẹfà àti ìkeje tutù, aṣọ òtútù kì í ṣe àṣejù. Oògùn ibà ṣe pàtàkì, ẹni tó bá sì ti Nàìjíríà lọ gbọ́dọ̀ mú yẹ́lò káàdì, ìyẹn ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, dání.

Apá ti Bòtswánà nìkan ni ìwé UNESCO kàn. Kò kan àwọn òkè Àǹgólà tí omi ti ń wá. Lọ́dún 1994, Àǹgólà, Nàmíbíà àti Bòtswánà dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa jọ fẹnu kò lórí lílo odò náà. Kò pẹ́ sígbà náà tí Nàmíbíà gbèrò láti fi páìpù fa omi odò náà lọ sí ìhà Windhoek, olú-ìlú rẹ̀, nígbà ọ̀dá, tí ọkàn àwọn ará Maun kò sì balẹ̀.