Ẹsẹ̀ kọ́ ló ń ṣàìsàn

Bí ẹ bá lọ kí ẹni tí ẹ̀gbà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù nílé, àfàìmọ̀ kí òórùn òrí àti àdín má ti pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹnì kan jókòó sí ìdí ẹsẹ̀ wọn, ó ń fi òrí ra á láti orúnkún dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bí Bàbá bá ní àwọn fẹ́ dìde, gbogbo ilé á pariwo: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sinmi! Ẹ jẹ́ kí ara yín kọ́kọ́ le." Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé ẹsẹ̀ ló ń ṣàìsàn, pé bí a bá ra á dáadáa tó sì sinmi tó, yóò jí padà fúnra rẹ̀.

Ẹsẹ̀ yẹn kò ṣe nǹkan kan. Iṣan rẹ̀ wà níbẹ̀, egungun rẹ̀ kò ṣẹ́. Orí ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀: yálà ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ, tàbí ojú ọ̀nà náà ló bẹ́, ibi tí oúnjẹ ara kò dé sì kú. Ìdajì ọpọlọ tó wà lósì ló ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Òun náà ni ọ̀rọ̀ sísọ ń gbé lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìdí nìyẹn tí ahọ́n ẹni tí apá ọ̀tún rẹ̀ rọ fi sábà máa ń wúwo. (Ẹni tó bá ní àpẹta ni, kó kọ́kọ́ bi wọ́n ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò kẹ́yìn. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí ohun tó ń fa àrùn yìí ní Nàìjíríà àti Gánà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2018, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú gbogbo wọn.)

Ibi tó kú nínú ọpọlọ kò ní jí mọ́. Ibòmíràn ló gbọ́dọ̀ kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ìgbìyànjú aláìsàn fúnra rẹ̀ ló sì fi ń kọ́ ọ. Ọmọ tí wọ́n ń fi ṣíbí bọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, báwo ni yóò ṣe mọ oúnjẹ fọwọ́ ara rẹ̀ jẹ? Òrí lè tu ara, n kò bá a jà. Omi gbígbóná ni mo ń bẹ̀rù, nítorí ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan lára lè bó kí aláìsàn tó mọ̀. Èyí tó tún burú ni fífa apá tó rọ láti fi gbé ènìyàn dìde. Iṣan tó so èjìká ró ti dẹ̀, bí ẹ bá fà á, oríkèé á yẹ̀, ìrora rẹ̀ kì í sì í tètè lọ.

Àwọn tó ń ní "ẹ sinmi" ní ẹ̀tọ́ díẹ̀ ṣá o. Àwọn tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú kì í gba "mo rò pé" wọlé, ìdánwò ni wọ́n ń béèrè. Julie Bernhardt, ará Ọsirélíà, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kó aláìsàn 2,104 jọ ní ilé ìwòsàn 56, ní orílẹ̀-èdè márùn-ún. Wọ́n ń tètè gbé ìdajì wọn dìde láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, léraléra, ó sì pọ̀. Wọ́n tọ́jú ìdajì yòókù bí ilé ìwòsàn ṣe máa ń ṣe é. Nígbà tí èsì jáde ní 2015, àwọn tí wọ́n kánjú sí yìí ló rẹ̀yìn: lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, 46 nínú 100 ló ń gbé ìgbé ayé wọn láìsí ìṣòro ńlá, àwọn kejì jẹ́ 50. Ìlànà Amẹ́ríkà ti 2016 wá sọ pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí: àwọn kejì náà kò sùn kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ti kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì kí ọjọ́ kan tó pé. Wákàtí ni wọ́n fi ka ìsinmi tiwọn, tiwa ń di oṣù.

Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ ló kù. Ní 2013, NICE tó ń kọ ìlànà fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan tí aláìsàn nílò má dín ní ìṣẹ́jú 45 lóòjọ́. Ní 2023, wọ́n sọ ọ́ di wákàtí mẹ́ta lóòjọ́ ó kéré tán fún gbogbo ìtọ́jú lápapọ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, tí físíò (ìtọ́jú tó ń fi ìdárayá kọ́ ara láti ṣiṣẹ́ padà) àti ìkọ́ni lọ́rọ̀ sísọ wà nínú rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń fowó ara wọn san oníṣẹ́ físíò tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ará ilé ni ìyókù já lé léjìká.

Wọ́n tún máa ń ní ohun tí kò bá padà láàárín oṣù mẹ́fà ti lọ nìyẹn. Òótọ́ ni pé oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa ń yára jù, àmọ́ ilẹ̀kùn kì í tì. Ní 2011, Pamela Duncan àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé èsì jáde lórí ènìyàn 408. Àwọn kan ń rìn lórí ẹ̀rọ tó ń sáré lábẹ́ ẹsẹ̀, tí okùn so wọ́n ró lókè, láti oṣù kejì. Àwọn kan kò fẹsẹ̀ kan ẹ̀rọ yìí títí di oṣù kẹfà. Ní ti àwọn tó kù, físíò ló ń lọ bá wọn ṣe ìdárayá nílé. Nígbà tí ọdún pé, 52 nínú 100 ni ìrìn wọn ti gòkè, ìsọ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dọ́gba. Ẹ̀rọ olówó gọbọi kò borí ìdárayá inú ilé.

Ìdìde lórí àga nìkan tó ẹ̀kọ́, bí físíò bá ti ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé àga tó ga díẹ̀ ti ògiri. Kí Bàbá sún ìdí síwájú, kí wọ́n fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn kí gìgísẹ̀ bọ́ sábẹ́ orúnkún. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ni pé wọ́n á fẹ̀yìn tì, wọ́n á máa retí kí ẹnì kan fà wọ́n. Rárá o, kí wọ́n tẹ̀ síwájú títí imú á fi kọjá orúnkún, ìdí á sì gbéra. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ tó rọ, ẹ di ìbàdí wọn mú, ẹ má ṣe di apá mú. Bí ẹsẹ̀ tó le bá ń gba gbogbo iṣẹ́ ṣe, ẹ sún un síwájú díẹ̀, kí ẹsẹ̀ tó ń ṣọ̀lẹ náà lè gbé ẹrù tirẹ̀. Ìjókòó padà náà kà: kí wọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n já lulẹ̀ gbì. Ẹni tó ń ra ẹsẹ̀ láàárọ̀, kó gbé igbá òrí sílẹ̀ ná, kó máa bá wọn kà á: ení, èjì, ẹ̀ta.