Bí Mọ́tò Pọ́ǹpù Omi Tó Ti Kọ̀ǹdẹ́m Ṣe Ń Di Ẹ̀rọ Ìpọ́nrin

Pọ́ǹpù kékeré tó ń fa omi kànga sínú táǹkì kì í sábà bàjẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Iwájú rẹ̀, níbi tí omi wà, ló máa ń kọ́kọ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀. Sílì tó dí omi mọ́ á gbó, omi á máa kán sára béárìn iwájú, béárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í han. Tàbí kí wọ́n pa á tì fún oṣù díẹ̀, kí ìpẹtà sì lẹ abẹ̀bẹ̀ kékeré tó ń ti omi mọ́ inú ilé rẹ̀ pinpin. Bí wọ́n bá tan iná sí i, á kàn máa kùn láìyí. Onílé á ní ó ti kọ̀ǹdẹ́m, á tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri, bẹ́ẹ̀ kóìlì inú rẹ̀ (wáyà tí wọ́n wé) lè wà digbí. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ (èyí tó ń fi iná yí là ń wí o, kì í ṣe ọkọ̀) ló yẹ kí wẹ́dà, káfíńtà tàbí alágbẹ̀dẹ tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀rọ ìpọ́nrin fúnra rẹ̀ máa wá.

Àwo kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ọn lára ló sọ ìdí rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń kọ agbára rẹ̀, 0.5 HP tàbí 1 HP, síbẹ̀, wọ́n á sì kọ 2,850 r/min, ìyẹn ni pé ó ń yí ní ìgbà 2,850 láàárín ìṣẹ́jú kan. Iná Nàìjíríà jẹ́ 50 Hz, ìyẹn ni pé ó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí irú iná bẹ́ẹ̀, mọ́tò onípólù méjì (olórí mágnẹ́ẹ̀tì méjì) bí irú èyí kò lè yí kọjá 3,000, ẹrù tó ń gbé sì máa ń fà á sẹ́yìn díẹ̀. Iná fúnra rẹ̀ ló ti fi gbèdéke sí eré rẹ̀. Òkúta ìpọ́nrin onínṣì mẹ́fà náà ní iye eré tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, ó wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì sábà máa ń tó 3,600 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ka àwo mọ́tò àti bébà òkúta pọ̀, tó rí i pé eré mọ́tò kéré sí ti òkúta, ti ṣe iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Bébà tó bá ti ya dànù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe méfò.

Ibí yìí gan-an ni mọ́tò ẹ̀rọ ìfọṣọ onílẹ̀kùn iwájú ti ń léwu. Ó fúyẹ́, ó lágbára, ó sì sábà máa ń ní burọ́ọ̀ṣì dúdú méjì (èédú kékeré tó ń gbé iná wọ inú rẹ̀) ní ìdí. Nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, bọ́ọ̀dù kan ló ń ṣọ́ eré rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́ jáde, tí wọ́n so ó mọ́ iná tààrà láìsí ẹrù kankan lórí rẹ̀, eré rẹ̀ á máa lọ sókè ni, ó lè kọjá 10,000. Bí eré òkúta bá sì di ìlọ́po márùn-ún, agbára tó ń fà á ya di ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Òkúta amọ̀ sísun kò lè gbà á. Á fọ́ sí wẹ́wẹ́, ègé kọ̀ọ̀kan á sì fò bí ọta ìbọn. Ẹ fi mọ́tò yẹn sílẹ̀.

Bí a bá ti tú mọ́tò pọ́ǹpù, imú ni a ó kọ́kọ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Kóìlì tó ti jóná máa ń rùn, fáníìṣì rẹ̀ á sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí kò bá rùn, ká gbé mítà tí wọ́n fi ń yẹ iná wò. Iná gbọ́dọ̀ lè kọjá láti wáyà kóìlì kan sí èkejì, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ kọjá rárá láti kóìlì sí ara irin. Bí ó bá yí lórí iná nígbà tí a fi okùn fà á, àmọ́ tí kò dá gbéra fúnra rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kapásítọ̀ (ohun kékeré tó ń ràn án lọ́wọ́ láti gbéra) ló kú. Irú èyí tó wà lára rẹ̀ náà ni ká fi pààrọ̀ rẹ̀, ká sì rántí pé kapásítọ̀ lè gbá èèyàn lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ kúrò lórí iná. Béárìn kò nira: nọ́ńbà rẹ̀ wà lára rẹ̀. 6202, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ mílímítà 15 nínú àti 35 lóde.

Ọ̀pá mọ́tò pọ́ǹpù kì í sábà ní tírẹ́ẹ̀dì (ìlà yíyí tí nọ́ọ̀tì ń gùn) tó lè di òkúta mú, nítorí náà tọ́nà (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin) gbọ́dọ̀ bá wa yí orí kan tí a ó fi bọ̀ ọ́. Kí tọ́nà tó gé e, ká dúró kọjú sí ẹnu ọ̀pá, ká wo ibi tó ń yí sí. Bí ó bá ń yí lódìkejì ọwọ́ aago, tírẹ́ẹ̀dì lásán ló yẹ ẹ́. Bí ó bá ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, tírẹ́ẹ̀dì òdì ni. Ìdí ni pé nígbà tí irin bá kan òkúta, ó ń dá a dúró, ọ̀pá sì ń yí lọ. Tírẹ́ẹ̀dì tó tọ́ á mú kí nọ́ọ̀tì máa fún sí i, èyí tí kò tọ́ á máa tú u díẹ̀díẹ̀ títí òkúta á fi já bọ́. Orí òkúta gbọ́dọ̀ máa yí wálẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó ń pọ́n nǹkan, kí ẹ̀ta iná máa lọ sílẹ̀. Bí ó bá ń yí sókè, kò sí pé à ń tú kóìlì: ká kàn yí mọ́tò padà, kí òkúta tó wà lọ́tùn-ún bọ́ sí òsì. Tírẹ́ẹ̀dì kò yí padà.

Wọ́ṣà ńlá méjì ló ń di òkúta mú, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan níwájú. Kí wọ́n tóbi dọ́gba, kí fífẹ̀ wọn sì tó ìdá kan nínú mẹ́ta fífẹ̀ òkúta ó kéré tán, ìyẹn mílímítà 50 fún ti ínṣì mẹ́fà. Ká fi bébà nínípọn sáàárín irin àti òkúta. Ṣáájú èyí, ká fi ìka gbé òkúta kọ́ níhò rẹ̀, ká fi èèkù igi kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́. Òkúta tó pé á dún gooro. Èyí tó bá dún kìì ti sán nínú, bí ojú kò tilẹ̀ rí i, ká fọ́ ọ dànù kí ẹlòmíràn má bàa mú un lò.

Lẹ́yìn náà ni ìbòrí irin tó nípọn, tó bo òkúta yí ká àfi ibi tí a ti ń pọ́n nǹkan, àti irin ìgbọ́wọ́lé tí kò jìnnà sí òkúta ju mílímítà 3 lọ. Bí àyè yẹn bá fẹ̀, ojú ọ̀bẹ lè há síbẹ̀, kó fa ìka wọlé. Wáyà ilẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára ara mọ́tò, bóùtì ìdí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dì í mọ́ tábìlì tí kì í mì.

Bí a bá tan án fún ìgbà àkọ́kọ́, ká bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ká jẹ́ kó yí fún ìṣẹ́jú kan gbáko láìfi nǹkan kàn án. Gíláàsì ìdáàbòbò ojú dandan ni. Etí òkúta nìkan là ń lò, a kì í lo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a kì í sì í pọ́n alumíníọ̀mù lórí rẹ̀, torí ńṣe ló máa ń dí ojú òkúta tí á fi gbóná. Bí òkúta bá ṣe ń jẹ tó ń kéré sí i, ká máa tú bóùtì irin ìgbọ́wọ́lé, ká tì í súnmọ́ ọn padà.