Kí ni wọ́n ń pè ní log normalization?

Gbogbo ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló máa ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, àkọsílẹ̀ yẹn la ń pè ní log. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kálukú ń kọ tiẹ̀ bó ṣe wù ú. Ká ní ẹnì kan ń dán pásíwọ́ọ̀dù oní-pásíwọ́ọ̀dù wò, server Linux á kọ "Failed password for root from 203.0.113.9", Windows ní tiẹ̀ á kọ event 4625, ìyẹn nọ́ńbà tó fi ń sọ pé ẹnì kan gbìyànjú láti wọlé àmọ́ kò ṣeé ṣe, á wá fi àdírẹ́sì onítọ̀hún síbi tó pè ní IpAddress, firewall, ìyẹn ohun tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lè pe ibẹ̀ ní src. Olè kan náà ni o! Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi orúkọ kan ṣoṣo wá a, ẹ ò ní rí i níbi tó kù.

Ohun tí normalization ń ṣe ò ju pé ká já ìlà kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́, ká wá fún ohun tó bá jọra lórúkọ kan náà. Nínú Elastic Common Schema (ECS), ìyẹn ìlànà kan tó ń sọ orúkọ tá a máa fún nǹkan kọ̀ọ̀kan, source.ip ni gbogbo àdírẹ́sì yẹn máa jẹ́, event.outcome á sì jẹ́ failure. Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ míì ni OCSF tó jáde ní 2022, èyí tó bá wù yín ẹ mú, ẹ ṣáà má pa méjèèjì pọ̀.

Ibi tí mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra jù ni àkókò. Ẹ wo mẹ́ta yìí:

Nov 14 23:13:20
[14/Nov/2023:23:13:20 +0100]
1700000000

Ìṣẹ́jú àáyá kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àkọ́kọ́ ni syslog àtijọ́, ìyẹn ọ̀nà kan tí ẹ̀rọ ti ń kọ log tipẹ́, kò sọ ọdún, kò sì sọ pé aago +0100 ni server òun ń lò, ẹ̀yin lẹ máa mọ̀ ọ́n fúnra yín. Ẹ̀kẹta ń ka ìṣẹ́jú àáyá láti January 1, 1970. Gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ di 2023-11-14T22:13:20Z, Z yẹn ni UTC, aago tí gbogbo ayé jọ ń lò. Tẹ́ ẹ bá gba àkọ́kọ́ yẹn bíi UTC, ẹ ti fi wákàtí kan kún un nìyẹn, á wá dà bíi pé olè kẹ́rù tán kó tó wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju ìlà tí ẹ̀rọ kọ gan-an nù lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá tún un tò tán, event.original ni ECS ní kẹ́ ẹ fi í sí. Update kékeré lè yí bí log ṣe rí padà kí parser yín, ìyẹn ètò tó ń já ìlà sí wẹ́wẹ́, má lè kà á mọ́, ìlà tí kò bá lè kà, ẹ kó o síbì kan kẹ́ ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò.