Èébì Lẹ́yìn Sleeve Kì í Ṣe Ohun Ayọ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan wọlé tọ̀ mí wá tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ti lọ ṣe sleeve, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gé àpòlúkù kéré kí ènìyàn lè fọn, ní Istanbul, ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ó di náílọ̀nù dúdú kan mú, mo bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀. Ó ní òfìfo ni, pé nítorí èébì lòun ṣe ń mú un káàkiri. "Dókítà, ó ti ń ṣiṣẹ́ o! Ohunkóhun tí mo bá jẹ, kì í dúró. Mo ti fi kílò 14 dín." Mi ò bá a rẹ́rìn-ín. Ẹnì kẹta nìyí láàárín oṣù méjì tí yóò máa fi èébì yangàn níwájú mi, ó sì ti sú mi.

Iṣẹ́ abẹ náà fúnra rẹ̀ kò ṣòroó yé. A ó gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù kúrò, èyí tó kù á rí gbọọrọ bí apá ẹ̀wù. Apá òkè tí a gé sọnù ni ọ̀pọ̀ ghrelin, hòmóònù tó ń pe ebi, ti ń wá, ìdí nìyẹn tí ebi gan-an fi ń dínkù. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe é, ìpele àkọ́kọ́ iṣẹ́ abẹ tó tóbi jù ú lọ ni, fún àwọn tí ara wọn wúwo débi pé wọn ò lè fara da gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tó yá, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ò nílò ìpele kejì mọ́. Ihò kéékèèké bíi márùn-ún là ń gbà ṣe é. Mo ti rí alátọ̀gbẹ tó fi abẹ́rẹ́ insulin sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti rí bàbá tí èémí rẹ̀ máa ń dúró lójú oorun, tó wá ń sùn títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Iṣẹ́ gidi ni, ọdún púpọ̀ ni mo fi kọ́ ọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi wé tíì ìfọ́ra tí wọ́n ń tà lórí WhatsApp, tó jẹ́ ewé sẹ́nà ló ń mú yín yàgbẹ́. Omi ara lẹ ń yà dànù, ọ̀rá wà níbi tó wà.

Èébì ni mo fẹ́ sọ. Àpòlúkù tuntun yìí kéré. Ẹni tó bá sáré gbé òkèlè ẹ̀bà mì á pọ̀ ọ́ padà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fà á, kó rọra máa jẹun. Àmọ́ ẹni tó ń bì lójoojúmọ́ ń ṣàìsàn. Nígbà mìíràn, ibi tí àpòlúkù ti tẹ̀ kọrọdọ ló fún jù. A lè ti ẹnu wọlé fi báálúùnù kékeré fẹ̀ ẹ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ohun tó ń tán nínú ara rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Fítámìn B1 ni. Ara kì í tò ó pamọ́ bó ṣe ń tò ọ̀rá. Ẹni tí oúnjẹ kì í dúró sí nínú lè lo gbogbo èyí tó ní tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Òun sì ni ọpọlọ fi ń sọ ṣúgà di agbára. Tó bá tán, ẹyin ojú á máa gbọ̀n, onítọ̀hún á máa rí nǹkan ní méjì-méjì, á máa rìn bí ẹni tó mu ẹmu yó, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò ní í tẹ̀lé ara wọn mọ́. Carl Wernicke, dókítà ará Jámánì, ti ṣàpèjúwe rẹ̀ láti 1881. Kì í ṣe àìsàn tuntun, kì í sì í ṣe àṣírí.

Nọ́ọ̀sì àdúgbò tó ń gbé dírípù wá sílé ni mò ń bá wí báyìí. Ẹ rí i pé ó rẹ aláìsàn, ẹ so dírípù oníṣúgà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣúgà yẹn á jẹ ìwọ̀nba B1 tó ṣẹ́kù tán, ọpọlọ á sì gba ibẹ̀ bàjẹ́. B1 ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé, nínú iṣan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe sleeve, tí èébì bá ti ju ọjọ́ méjì lọ, ẹ lọ sí ọsibítù, kẹ́ ẹ sì fẹnu ara yín sọ ọ́: "Wọ́n gé àpòlúkù mi. Ẹ fún mi ní B1 kẹ́ ẹ tó fún mi ní ṣúgà." Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín. Ọmọbìnrin onínáílọ̀nù yẹn, ọjọ́ náà gan-an la dá a dúró. Fítámìn tí wọ́n kó fún un bọ̀ ṣì wà nínú páálí, kò tíì já a.

Ó ti pé díẹ̀ tí wọ́n gbé Màmá kan wá bá wa, oníṣòwò aṣọ òkè ni wọ́n. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Màmá fi ń bì lẹ́yìn sleeve. Nígbà tí ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí wọ́n ní àwọn ń rí ènìyàn méjì lórí àga kan ṣoṣo, ará ilé ní ayé ló ta wọ́n lọ́fà. Wọ́n gbé wọn lọ sórí òkè àdúrà. Èmi náà máa ń gbàdúrà kí n tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, n ò bá àdúrà jà. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ ni wòlíì yẹn ní kí wọ́n gbà. Ààwẹ̀! Ẹni tí oúnjẹ ò dúró sí nínú láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún! Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, dírípù oníṣúgà ló tẹ̀lé e.

A fún Màmá ní B1, ojú wọn rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn náà gbé wọn, pẹ̀lú ọ̀pá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n wá fún àyẹ̀wò, ọmọ wọn gbé ìkókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí dání. Màmá nawọ́, wọ́n fi ìka méjì ra aṣọ tí wọ́n fi wé ọmọ náà, wọ́n ní, "Sányán gidi rèé, kì í ṣe ti ayédèrú." Lóòótọ́ ni. Wọ́n wá wo ojú ọmọ náà, wọ́n béèrè pé ọmọ ta ni. Ọmọ wọn ní, "Ọmọ mi ni, Màmá. Ọmọ-ọmọ yín ni." Wọ́n súre fún un dáadáa. Kí n tó kọ ìwé oògùn wọn tán, ẹ̀ẹ̀mẹrin mìíràn ni wọ́n tún béèrè pé ọmọ ta ni.