Ìrìn-àjò afẹ́ lórí odò Danube

Ìrìn-àjò afẹ́ lórí odò Danube jẹ́ ìrìn-àjò inú ọkọ̀ ojú omi tó ní yàrá ìsùn àti ilé ìjẹun, èyí tó ń gbé èrò láti ìlú kan dé òmíràn létí odò náà ní àárín gbùngbùn Yúróòpù. Òru ni ọkọ̀ sábà máa ń rìn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, èrò á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á wo ìlú, wọ́n á jẹ ohun tí ará ibẹ̀ ń jẹ, wọ́n á sì padà wọlé kí ọkọ̀ tó tún gbéra. Ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tó lókìkí jù ni èyí tó lọ láti Passau ní Jámánì dé Budapest ní Húngárì, tí wọ́n sábà máa ń fi ọ̀sẹ̀ kan rìn.

Danube gùn tó nǹkan bíi 2,850 kìlómítà. Igbó Dúdú ní gúúsù Jámánì ni ó ti ṣẹ̀, Òkun Dúdú ló sì ń ṣàn sí. Nínú àwọn odò Yúróòpù, Volga nìkan ló gùn jù ú lọ. Orílẹ̀-èdè mẹ́wàá ló fara kan án, olú ìlú mẹ́rin ló sì wà létí rẹ̀: Vienna, Bratislava, Budapest àti Belgrade. Ọdún 1829 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ onístíìmù sílẹ̀ lórí odò yìí ní Vienna. Nígbà tó di ọdún 1830, ọkọ̀ wọn tó ń jẹ́ Franz I rìn láti Vienna lọ sí ibi tí Budapest wà lónìí. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ iṣẹ́ náà di ńlá láyé òde òní ni odò àfọwọ́gbẹ́ tó so odò Main pọ̀ mọ́ Danube, tí wọ́n parí ní ọdún 1992. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 171 kìlómítà, òun ló sì jẹ́ kí ọkọ̀ lè gbéra ní Amsterdam kó gba Rhine àti Main dé Òkun Dúdú. Charlemagne, ọba àwọn Frank láyé àtijọ́, ti gbìyànjú irú iṣẹ́ yìí ní ọdún 793. Òjò ń rọ̀, ẹrẹ̀ ń ya lulẹ̀ padà sínú kòtò, wọ́n sì pa á tì.

Odò ló ń pàṣẹ bí ọkọ̀ ṣe máa rí. Kí ọkọ̀ tó lè gun òkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ìdídò (ògiri tí wọ́n fi sé odò) wà, ó gbọ́dọ̀ wọ yàrá omi onílẹ̀kùn: wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, wọ́n á rọ omi sí i tàbí kí wọ́n tú omi rẹ̀ jáde, títí ọkọ̀ á fi bá omi tó wà níwájú dọ́gba. Mítà 12 péré ni fífẹ̀ yàrá wọ̀nyí lórí odò àfọwọ́gbẹ́ náà, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ afẹ́ kò fẹ̀ ju mítà 11.4 lọ, àwọn tó gùn jù sì jẹ́ mítà 135. Èrò wọn kì í sábà ju igba lọ, nígbà tí ọkọ̀ orí òkun ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Afárá náà ní àṣẹ tirẹ̀. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ kọjá lábẹ́ afárá tó rẹlẹ̀, yàrá atukọ̀ á wọlẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n á dá irin ọwọ́ dùbúlẹ̀, wọn kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun orí òrùlé. Kì í sí ìrugùdù ìgbì níbí, ẹni tí òkun máa ń mú èébì gbé lè sùn fọnfọn. Ohun tí àwọn ìwé ìpolówó kì í sọ ni pé, ní èbúté tí àyè kò tó, ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta máa ń so mọ́ ara wọn ní ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó sanwó gọbọi fún yàrá tó kọjú sí omi lè ṣí fèrèsé lówúrọ̀ kó bá fèrèsé ẹlòmíràn pàdé.

Bí omi bá pọ̀ jù tàbí tó kéré jù, ìrìn-àjò dàrú. Láàrin Straubing àti Vilshofen ní Bavaria, kò sí ìdídò, odò ń ṣàn bó ṣe wù ú, nítorí náà ibẹ̀ wà lára ibi tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti ń kọ́kọ́ dí ọkọ̀ lọ́nà, bó ṣe rí ní ọdún 2018 àti 2022. Ní oṣù Òkúdù 2013, omi ga tó nǹkan bíi mítà 12.9 ní Passau, ó sì wọ inú ìlú àtijọ́ lọ. Ìkún omi tún dá ọkọ̀ dúró ní Austríà ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2024. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ lè fi bọ́ọ̀sì kó èrò kọjá ibi tó bàjẹ́ lọ bá ọkọ̀ mìíràn tó ń dúró lódìkejì, tàbí kí ọkọ̀ di ilé ìtura tí kò kúrò lójú kan. Ó yẹ kí èèyàn ka ohun tí ìwé àdéhùn sọ nípa èyí kó tó sanwó.

Passau ni odò mẹ́ta ti pàdé: Danube, Inn àti Ilz. Dùùrù kàtídírà Stephen Mímọ́ níbẹ̀ ní fèrè 17,974, ó sì wà lára àwọn tó tóbi jù lágbàáyé. Linz ní Austríà ló tẹ̀ lé e, ìlú tí kéèkì Linzer Torte ti gba orúkọ. Ìlànà bí wọ́n ṣe ń ṣe é ti wà nínú ìwé láti ọdún 1653. Láti Melk dé Krems ni àfonífojì Wachau, tí UNESCO fi sínú àkójọ ogún àgbáyé ní ọdún 2000, níbi tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti máa ń fi ọ̀sán rìn kí èrò lè rí nǹkan wò. Ilé àwọn mọ́ńkì Benedict ní Melk wà lórí àpáta lókè odò. Ọdún 1089 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rúndún kejìdínlógún ni wọ́n kọ́ ilé aláwọ̀ ìyeyè tí à ń wò lónìí. Ní Dürnstein, àwókù ilé odi kan wà lórí òkè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ti Richard Ọlọ́kàn Kìnnìún, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mọ́lé nígbà tó ń bọ̀ láti ogun ìsìn ní ọdún 1192. Ní abúlé Willendorf, ní ọdún 1908, wọ́n hú ère obìnrin kékeré kan tó ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 11, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ọdún lọ. Ère náà wà ní Vienna báyìí.

Àjàrà ni wọ́n ń gbìn sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Wachau, lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi òkúta pín ní ìpele ìpele. Grüner Veltliner àti Riesling ni wáìnì tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀. Èso ápíríkọ́ọ̀tì, tí wọ́n ń pè ní Marille, ni ìyàwó ilé fi ń ṣe jáàmù, tí wọ́n tún ń fi odindi rẹ̀ sínú ìyẹ̀fun rírọ̀ tí wọ́n bọ̀, tí wọ́n wá yí nínú búrẹ́dì rírún àti bọ́tà. Oṣù Agẹmọ ni èso náà máa ń pọ́n.

Vienna gba ju ọjọ́ kan lọ, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì máa ń sùn síbẹ̀. Ààfin Schönbrunn àti kàtídírà Stephen ni gbogbo èèyàn ń lọ wò. Ní ti oúnjẹ, ẹran ọmọ màlúù pẹlẹbẹ ni ojúlówó Wiener Schnitzel, tí wọ́n yí sínú ìyẹ̀fun, ẹyin àti búrẹ́dì rírún kí wọ́n tó dín in. Bí ó bá jẹ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, orúkọ mìíràn ló yẹ kó wà lórí ìwé oúnjẹ. Kéèkì ṣokoléètì Sachertorte, tí wọ́n ní Franz Sacher dá sílẹ̀ ní ọdún 1832, gbẹ díẹ̀ lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bu kíríìmù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú ilé kọfí Vienna, ẹni tó ra ife kan ṣoṣo lè jókòó ka ìwé ìròyìn fún wákàtí púpọ̀, kò sẹ́ni tó máa lé e. Ní Bratislava, olú ìlú Slofákíà, níbi tí wọ́n ti ń dé àwọn ọba Húngárì ládé láti 1563 dé 1830, èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn ìlú àtijọ́ já láàárọ̀ kan. Oúnjẹ wọn ni bryndzové halušky: ìyẹ̀fun àti pòtétò tí wọ́n bọ̀ ní wóró wóró, tí wọ́n fi wàràkàṣì àgùntàn àti ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ dídín sí lórí.

Budapest ló dára jù láti gba orí omi wọ̀. Òkè Buda wà lápá ọ̀tún, Pest tó tẹ́jú wà lápá òsì, ọdún 1873 sì ni àwọn méjèèjì àti Óbuda di ìlú kan. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tí wọ́n parí ní 1904, ga ní mítà 96. Bí iná bá tàn sára rẹ̀ lálẹ́, gbogbo èrò á rọ́ sórí òrùlé ọkọ̀. Ìgbòkègbodò alẹ́ yìí ní ewu tirẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí 2019, ọkọ̀ kékeré Hableány rì lẹ́bàá afárá Margit lẹ́yìn tí ọkọ̀ ńlá kan kọlù ú. Nínú èèyàn 35 tó wà nínú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ jẹ́ ará Kòríà Gúúsù, méje péré ló yè é.

Ọjà Ńlá ìlú náà, tí wọ́n ṣí ní 1897, ni ibi tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ràn oúnjẹ kọ́kọ́ lọ. Ata gbígbẹ lílọ̀ ni paprika tó kún ibẹ̀, ẹbí tàtàṣé ni. Amẹ́ríkà ni irú ata yìí ti wá, ayé àwọn Tọ́ọ̀kì ló sì dé Húngárì. Ìlú Szeged àti Kalocsa ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ní Szeged ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Albert Szent-Györgyi ti fà fítámì C jáde lára rẹ̀, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1937. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń ta lẹ́nu bí orúkọ ata ṣe lè mú èèyàn rò: édes túmọ̀ sí èyí tó dùn, csípős ni èyí tó ń ta. Gulyás tí wọ́n ń fi í sè kì í ki bí ọbẹ̀ tí à ń fi jẹ iyán, omi ọbẹ̀ ẹran màlúù ni, búrẹ́dì sì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Halászlé ni ọbẹ̀ ẹja odò, pupa bíi ẹ̀jẹ̀. Lángos, ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ tí wọ́n dín tí wọ́n fi áyù, kíríìmù kíkan àti wàràkàṣì sí lórí, ni oúnjẹ ojú títì.

Oúnjẹ inú ọkọ̀ sábà máa ń wà nínú owó tí èèyàn ti san, kò sì burú. Ṣùgbọ́n èrò láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni alásè ń se fún, nítorí náà ata àti áyù máa ń dínkù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ adùn ìlú á kúkú fi oúnjẹ ọ̀sán ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ bíi mélòó kan.

Láti oṣù Ẹrẹ́nà dé ìparí Ọ̀wàrà ni àsìkò ìrìn-àjò yìí. Láti ìparí Bélú wọ inú Ọ̀pẹ, ọjà Kérésìmesì ni àwọn ọkọ̀ ń gbé èrò lọ wò. Owó yúrò ni wọ́n ń ná ní Jámánì, Austríà àti Slofákíà, fórínìtì ni ti Húngárì. Ọmọ Nàìjíríà, Benin tàbí Togo tó ń lo pásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ rẹ̀ nílò físà Schengen (físà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò), èyí tó kárí gbogbo ọ̀nà láti Passau dé Budapest. Fún ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú lọ sí Belgrade àti ọ̀gbun Iron Gates, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ ojú Decebalus, ọba ilẹ̀ Dacia àtijọ́, sára àpáta, ọ̀rọ̀ yí padà: Sérbíà kò sí nínú Schengen, Románíà àti Bùlgáríà tó tẹ̀ lé e sì wà nínú rẹ̀, nítorí náà físà tó gbà kí èèyàn wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni kó béèrè fún.